Àpótí oyin: Bí jig ṣe ń gba káfíńtà lọ́wọ́ eyín pákó tí kò bára mu

Igun mẹ́rin péré ni àpótí oyin ní, àmọ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ olóyin. Bí igun kan bá wọ́, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, férémù afárá kò sì ní jókòó dáadáa.

Lorenzo Langstroth, pásítọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ fún irú àpótí yìí lọ́dún 1852. Àwọn àgbẹ̀ ń lò ó ní Nàìjíríà, Ghana àti Kenya lónìí. Àlàfo mílímítà 6 sí 9 ni oyin ń fẹ́ láti máa rìn. Bó bá kéré jù, wọ́n á fi oje igi dí i. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n á kọ́ afárá sí i. Ìdí nìyẹn tí mílímítà kan fi lè ba iṣẹ́ jẹ́.

Kí ló mú pákó fífẹ̀ le?

Káfíńtà máa ń gé etí pákó ní eyín-eyín, kí méjì lè wọ inú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjèèjì tí a kì bọ ara wọn. Ó ń jẹ́ kí gúlúù rí ibi púpọ̀ dì mú.

Pákó àpótí ńlá fẹ̀ tó mílímítà 244. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mílímítà 19, eyín àti àlàfo á tó bíi 13. Bí pákó bá yẹ̀ ní mílímítà 0.2 péré nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sún un, yóò ti di 1.2 nígbà kẹfà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: eyín àkọ́kọ́ á wọlé wẹ́rẹ́, ti ìkẹyìn á kọ̀ jálẹ̀.

Báwo ni jig ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àjákù pákó ni wọ́n lè fi ṣe é. Pákó kan á dúró ṣánṣán, á máa rìn lórí tábìlì ẹ̀rọ ayùn. Wọ́n á kan igi kékeré mọ́ ọn, tí ìbú rẹ̀ bá ojú tí ayùn gé mu rẹ́gí. Àlàfo tó wà láàárín igi náà àti ayùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó igi náà gan-an.

Wọ́n á fi etí pákó ti igi yìí, wọ́n á gé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ojú tí wọ́n gé lé igi náà lórí, wọ́n á gé òmíràn, títí dé òpin. Àlàfo ni pákó kejì á fi bẹ̀rẹ̀ dípò eyín.

Ohun tó yẹ kí káfíńtà ṣọ́

• Kọ́kọ́ gé àjákù wò. Bí eyín bá há jù, sún igi kékeré náà súnmọ́ ayùn. Bó bá tú jù, sún un jìnnà.

• Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kó o máa ti pákó sí nígbà gbogbo, kí ìyẹ̀ má baà máa pọ̀ sí i.

• Pákó fífẹ̀ máa ń ká. Lo èyí tó gbẹ, kó o sì dè é mọ́ jig kó lè lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

• Má ṣe gbé ọwọ́ sí ojú ọ̀nà ayùn.

Kí gúlúù tó gbẹ, wọn àpótí láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, àpótí náà dúró déédéé.