Ọ̀nà Oko Àwọn Mennonite ní Kánádà: Ilẹ̀ Tí Wọ́n Dáwó Jọ Rà

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ ká fojú inú rìnrìn-àjò dé Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà.

Ẹni tó bá wa mọ́tò kúrò ní Toronto, tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí 110 kìlómítà ni yóò rìn kó tó dé Waterloo. Ibẹ̀ lọ̀nà abúlé ti bẹ̀rẹ̀. St. Jacobs ló kọ́kọ́ kàn, níbi tí ọjà àgbẹ̀ ńlá wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Elmira. Lẹ́yìn náà West Montrose, níbi tí afárá onígi kan wà tó ní òrùlé bí ilé. 1881 ni wọ́n parí rẹ̀ lórí odò Grand, òun nìkan ló sì kù nírú rẹ̀ ní gbogbo Ontario.

Lójú ọ̀nà, ẹ ó rí oko àgbàdo, màlúù, àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin dúdú tó ń lọ jẹ́jẹ́ létí títì. Àwọn Mennonite tó di àṣà àtijọ́ mú ló ni ín. Ìjọ wọn ò gbà kí wọ́n ní mọ́tò. Ẹnu ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń ta ẹyin, ẹ̀fọ́ àti oje igi mépù, tí wọ́n ń sè títí nǹkan bí 40 lítà yóò fi di lítà kan péré, tó dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sí títà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó.

Ilẹ̀ rere yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wà lára ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ẹ̀yà Six Nations ní 1784. Ní nǹkan bí 1800, àwọn àgbẹ̀ Mennonite wá láti Pennsylvania, wọ́n rà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kan, Richard Beasley. Wọ́n ti ṣán igbó, wọ́n ti kọ́lé, kí wọ́n tó gbọ́ pé wọ́n ti fi ilẹ̀ náà ṣe ìdógò, gbèsè sì wà lórí rẹ̀. Bí gbèsè yẹn ò bá kúrò, òógùn ojú wọn á dòfo.

Wọ́n rán Samuel Bricker àti Joseph Sherk padà lọ bẹ àwọn ará wọn ní Pennsylvania. Kò sẹ́ni tó lè dá owó náà san, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, German Company. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra 60,000 éékà ní 10,000 pọ́n-ùn. Ní 1805 ìwé ilẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n gé e sí oko 128, ọ̀kọ̀ọ̀kan 448 éékà, àti kéékèèké 32, ọ̀kọ̀ọ̀kan 83 éékà. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín in, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ilé tàbí ti ìsọ̀, ẹ yẹ ìwé wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sì má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú owó ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ń dá lóṣooṣù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.