Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Àlàyé lórí Síso Ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ́ mọ́ Síkútà

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sáídìkáà, mọ́ síkútà. A wo ẹ̀gbẹ́ tí ó yẹ kí ó wà, ibi tí ìdè gbọ́dọ̀ ti dì mú, ìwọ̀n mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ fojú dá, àti ìwà tí síkútà ń hù lẹ́yìn náà. Èrò wa ni pé ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ẹrù tí a kàn so mọ́ síkútà. Ó ń sọ síkútà di ọkọ̀ mìíràn. A sì fi hàn pé olùkọ́ lè fi èdè Yorùbá ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ìfáàrà
Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààrò kì í rìn. Bí ààrò bá ń sáré lórí títì, tí ó ń yà sọ́tùn-ún, tí ó ń yà sósì, ibi tí a fi ẹ̀kẹta sí ni yóò sọ bóyá ọbẹ̀ yóò dà. Síkútà ní táyà méjì. Táyà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní ni ààrò kẹta. Ó wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ gbé ọmọ tàbí ẹrù, ó sì wúlò fún awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára láti gbé síkútà ró nígbà tí ó bá dúró. Nítorí náà, àṣìṣe níbi ìdè rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, nítorí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ kò ní ọwọ́ ìdarí, kò sì ní bíréékì.

Ẹ̀gbẹ́ wo ni a ó so ó mọ́?
Etí títì ni ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ń wà, kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ láìbọ́ sáàárín ọkọ̀, kí awakọ̀ sì lè rí ẹni tí ń bọ̀ níwájú. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì, òsì ni wọ́n ń so ó mọ́. Òsì ni àwa náà ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí a yí sí ọ̀tún. Ọ̀tún ni ó yẹ lónìí. Ẹni tí ó bá ra èyí tí a ṣe fún òsì kò lè kàn yí i padà, nítorí ìdè àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò kọjú síbi tí kò yẹ. Lára Vespa àtijọ́, apá ọ̀tún náà ni ẹ́ńjìnnì àti irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti ṣáná sí i wà. A gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ọwọ́ mẹkáníìkì.

Ibi tí ìdè yóò ti dì mú
Piaggio gbé Vespa jáde ní Ítálì ní 1946; Innocenti gbé Lambretta jáde ní 1947. Ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì níbí. Páìpù irin ni egungun Lambretta, a sì lè fi ìdè gbá a mú yípo. Vespa kò ní irú egungun bẹ́ẹ̀. Páànù irin tí a tẹ̀ ni ara rẹ̀ fi dúró. Bí a bá dá ihò sí páànù yìí, tí a ki bóòtù bọ̀ ọ́, ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà yóò fa ihò náà ya díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ajórin ṣe férémù irin sí abẹ́ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kí ẹrù náà lè tàn ká. A kò gbọdọ̀ so ìdè mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ́ńjìnnì àti táyà ẹ̀yìn jọ ń lọ sókè sódò ni.

Ìwọ̀n mẹ́ta
Èkíní, táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú táyà ẹ̀yìn síkútà díẹ̀. Bí ó bá fà sẹ́yìn, ọkọ̀ lè dojú dé nígbà tí a bá yà sósì.

Èkejì, iwájú táyà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ síkútà díẹ̀. A ó fi pákó gígùn kan lé ẹ̀gbẹ́ táyà síkútà méjèèjì, a ó fi òmíràn lé ti ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, a ó sì wọn àárín wọn níwájú àti lẹ́yìn. Ti iwájú ni ó gbọ́dọ̀ kéré. Lára alùpùpù ńlá, ìyàtọ̀ náà máa ń tó mílímítà 10 sí 20; ti síkútà sábà máa ń kéré sí i.

Ẹ̀kẹta, síkútà gbọ́dọ̀ fì sósì díẹ̀, bíi dígíríì 1 sí 2, nígbà tí awakọ̀ bá wà lórí rẹ̀. Ìwọ̀n kejì àti ìkẹta ń dènà bí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣe ń fa síkútà sọ́tùn-ún. Ìkẹta tún ń gba ti títì tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sétí.

Ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà
Síkútà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń fì bí ó bá ń yà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í fì, ọwọ́ ìdarí ni a ń yí. Bí a bá fún un níná, ó ń fà sọ́tùn-ún. Bí a bá tẹ bíréékì, ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí kò ní bíréékì tirẹ̀ ṣì fẹ́ máa lọ, ó sì ń ti síkútà sósì. Èyí tí ó léwu jù ni yíyà sọ́tùn-ún pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ òfìfo, nítorí táyà rẹ̀ lè gbéra nílẹ̀. Àpò yanrìn tí a dì mọ́ inú rẹ̀ pinpin ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n sísáré díẹ̀ ni ààbò gidi.

Ohun tí ó kan olùkọ́
Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àlàyé òkè yìí kò nílò ju pákó méjì, rúlà àti òkúta mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìkòkò lé òkúta mẹ́ta, kí ó sún ọ̀kan kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ó sì sọ ìgbà tí ìkòkò fẹ́ ṣubú àti ìdí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni ní Haúsá, Ígbò àti àwọn èdè yòókù lè ṣe é bákan náà. Ìdáná olókùúta mẹ́ta kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

Àgbálọgbábọ̀
Ajórin tí ó mọ bí a ti ń jó irin ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí tí táyà fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú yóò ṣe ọkọ̀ tí ó dára lójú, tí yóò sì da èrò nù níbi tí ọ̀nà ti yà. A dá a lábàá pé kí a máa kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láti ṣàlàyé ìdí ohun gbogbo ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ fi ń ronú. Ẹni tí ó bá mọ ìdí ni yóò tún wọ̀n ọ́n kí ó tó fún bóòtù ìkẹyìn.