Àmánà Ni Aláìsàn Ọpọlọ Tí A Fi Sí Ilé Ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹnì kan tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, tí kò lè dá gbé. Tí agbára ilé kò bá ká a mọ́, a máa ń mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ti ìjọba, ti aládàáni tàbí ti ààfáà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mímú un lọ kò parí iṣẹ́ wa. Àmánà ṣì wà lọ́rùn wa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ilé kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní Ìbàdàn wa níbí, lójú ọ̀nà tó ti Agbowó lọ. Ilé àtúnṣe ìwà ni wọ́n pè é, ẹ̀sìn wa ni wọ́n sì fi bò ó. Ẹbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Lóṣù kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ilé ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà: ti Mùsùlùmí, ti Kìrìsítẹ́nì, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti ìjọba. Ẹ̀wọ̀n àti ìyà kò yọ ẹ̀sìn kankan sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó dára ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ẹbí kan ń bá aláìsàn gbé, ó ń se oúnjẹ fún un, ó sì ń mú un lọ gba ìtọ́jú. Wọn kò gbé aláìsàn jù síbì kan.

Báwo la ṣe máa mọ ilé tó dára? Ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí wọn kò retí yín, kí ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

Omi àti ìmọ́tótó: Ṣé ó ń wẹ̀ lójoojúmọ́? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́? Tó bá fẹ́ kírun, ṣé ó ń rí omi ṣe àlùwàlá?

Oògùn: Ta ló ń fún un, ibo ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí? Wọn kò gbọ́dọ̀ bu oògùn ẹlòmíràn fún un. Tí ọrùn rẹ̀ bá wọ́, tí ojú rẹ̀ ń yí sókè, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má sọ pé àlùjànnú ló dé. Oògùn lè fà á, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá; àìsàn náà lè padà. Kí Rámàdáánì tó dé, ẹ bi dókítà tàbí apòògùn bóyá ó lè gbààwẹ̀, àti bóyá lílo oògùn náà ṣe é sún sí àsìkò sààrì àti ìṣínu.

Ọ̀wọ̀: Ṣé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é? Ṣé ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ láìsí òṣìṣẹ́ nítòsí? Ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpá ẹ̀wọ̀n kì í purọ́. Ilé tó bá ní kí ẹ má wá fún oṣù mẹ́ta, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Ẹnì kan lè bi wá pé, rúkíyà ńkọ́? Rúkíyà dára, kò sì bá oògùn jà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Ohun tí kò sí nínú rúkíyà ni pàṣán àti ẹ̀wọ̀n. Nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ karùn-ún, Ọlọ́hun fi oúnjẹ, aṣọ àti ọ̀rọ̀ rere ṣe ẹ̀tọ́ àwọn tí làákàyè wọn kò pé. Òṣùwọ̀n ilé ìtọ́jú nìyẹn.

Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 náà dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ ìyà. Tí ẹ bá rí ẹ̀wọ̀n, ẹ mú ẹni yín kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH.

A rọ ìdílé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n pín ìbẹ̀wò láàárín ara wọn, kí ẹnì kan máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.