Ìdáhùn Ṣáájú Iṣẹ́: Àlàyé lórí Iṣẹ́ Ẹ̀yìn-Ìdáhùn Nínú Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáàrà

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti dá ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lóhùn tán. Iṣẹ́ ẹ̀yìn-ìdáhùn ni n ó máa pè é. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí a tètè dáhùn, bí a bá ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí a tó dáhùn. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ìdáhùn náà lè di irọ́.

2.0 Ìdí tí a fi ń dáhùn ṣáájú

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kan lọ́nà jíjìn gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù: a ó dín àwòrán rẹ̀ kù, a ó ṣètò ìwé ìdánwò rẹ̀, a ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá ní láti dúró de gbogbo èyí, yóò rò pé nǹkan ti bàjẹ́, yóò sì tún bọ́tìnnì tẹ̀. Jakob Nielsen ṣàlàyé ní ọdún 1993 pé bí ìdáhùn bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, ọkàn ènìyàn kì í dúró lórí ohun tí ó ń ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Télọ̀ kì í ní kí oníbàárà jókòó ti òun títí aṣọ yóò fi parí. Yóò wọ̀n ọ́n, yóò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, yóò sì dá ọjọ́ fún un. Ìwé yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

3.0 Ewu ibẹ̀

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń rántí lẹ́nu iṣẹ́ máa ń parẹ́ bí iná bá lọ tàbí bí a bá tún ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè PHP, àṣẹ kan wà tí a ń pè ní fastcgi_finish_request, tí ó ń parí ìdáhùn nígbà tí ètò náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Àṣẹ náà wúlò, ṣùgbọ́n kò kọ iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Bí iná bá lọ ní àkókò náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣẹ́kù. Akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ pé ó ti parí. Ọjọ́ ìdánwò ni yóò mọ̀ pé orúkọ òun kò sí níbẹ̀.

4.0 Ìlànà tí ó yẹ

Àwọn tí ó ṣe òfin fún lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ronú sí èyí. Nínú ìwé RFC 1123, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, wọ́n là á sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tí ó bá ti fi 250 fèsì sí lẹ́tà ti gba ẹrù rẹ̀ sọ́rùn. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù nítorí pé òun fúnra rẹ̀ dákú lẹ́yìn náà. Òfin HTTP náà ní èsì 202, tí ó wà nínú RFC 1945 ti ọdún 1996. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti gba iṣẹ́, a kò tí ì ṣe é parí.

Láti inú èyí, ìlànà mẹ́ta ni mo rí:

(i) Kí a kọ iṣẹ́ sí ibi tí iná kò lè pa á rẹ́ kí a tó dáhùn.

(ii) Kí ìdáhùn má ṣe sọ ju ohun tí a ti ṣe lọ.

(iii) Kí a má ṣe pa iṣẹ́ rẹ́ nínú ìwé àfi ìgbà tí ó bá parí. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú kí ó tó pa á rẹ́, yóò tún un ṣe. Nítorí náà, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a má baà gba owó ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ìlérí gbèsè ni. "A ti gbà á" àti "a ti ṣe é" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá sọ èkíní ti jẹ gbèsè, ó sì yẹ kí gbèsè náà wà ní àkọsílẹ̀ kí ẹni tí a jẹ ẹ́ tó kúrò níwájú wa.