Kí Ẹ Tó Sanwó fún Ẹni Tí Yóò Tún Ilé Yín Ṣe

Ẹ̀yin ará wa, ní gbàrà tí omi bá ti fà kúrò nílé, tí ẹ ti gbá ẹrẹ̀ síta, tí ẹ sì ti sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, ẹnì kan yóò kan ilẹ̀kùn. Yóò fi ìka tọ́ ògiri tó ti là, yóò mi orí, yóò ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ilé yìí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o." Yóò dárúkọ iye kan, yóò sì bèèrè ìdajì lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ṣímẹ́ǹtì lè tún wọ́n lọ́la. Òótọ́ ni pé ó lè wọ́n lọ́la. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá létí.

Ìyá kan lára àwọn tí a ń ràn lọ́wọ́ ní Akówónjọ san ₦350,000 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ wa wà nínú rẹ̀. Bíríkìlà náà rẹ́ ògiri lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí omi ṣì wà nínú búlọ́ọ̀kù. Kí oṣù méjì tó pé, ohun tó rẹ́ ti wú, ó ń já lulẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. A fún ìyá náà lówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kò sì bi í pé ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ la ń san owó àtúnṣe ilé, a sì ń lọ wo èyí tí wọ́n ṣe kí a tó san èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ ná. Búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi mu, òde rẹ̀ sì lè gbẹ nígbà tí inú ṣì tutù. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ha èyí tó ti wú kúrò títí dé òkè ibi tí omi dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi séláótéèpù lẹ ọ̀rá funfun kan mọ́ ògiri ní gbogbo etí rẹ̀, kí ó sun ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ìrì nínú ọ̀rá náà láàárọ̀, kò tíì yá. Lásìkò òjò, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lè rẹ́ ẹ lọ́la kò rò tiyín.

Bíríkìlà tó mọṣẹ́ lè rẹ́ ògiri, ó sì lè tún ilẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá là tó bẹ́ẹ̀ tí ìka fi lè wọ ibẹ̀, bí òpó bá tẹ̀, bí omi bá gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ kọ́ òkè lé ilé láti sá fún omi, iṣẹ́ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, tàbí ti kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON ni. Ẹ bèèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wádìí rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dé akoto ni wọ́n ń pè ní ẹnjiníà ní sáìtì, torí náà orúkọ yẹn nìkan kò tó. Kíkọ́ òkè lé ilé tún nílò ìwé àṣẹ láti LASPPPA. LASBCA ló sì ń yẹ iṣẹ́ náà wò bó ṣe ń lọ. A kò jìnnà sí ibi tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀: ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkòtún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ènìyàn 116 ló kú. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé wọn kò gba ìwé àṣẹ fún ilé náà.

Àdéhùn kò nílò lọ́yà. Ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ yín tó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù nìkan, iṣẹ́ tí yóò ṣe, iye páànù iyanrìn tí yóò pò mọ́ àpò ṣímẹ́ǹtì kan, àti ìgbà tí ẹ óò san owó kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Bí agbára bá wà, ẹ fúnra yín ra ṣímẹ́ǹtì, kí ẹ san owó iṣẹ́ nìkan fún un. Ẹ gba báńkì sanwó, sí orúkọ tó wà nínú ìwé, kì í ṣe sí ti àbúrò rẹ̀.

Bó bá ti jẹ owó yín ńkọ́? Ẹ má san kọ́bọ̀ sí i. Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń pe tọ̀tún-tòsì jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Small Claims Court, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018, wà fún owó tí iye rẹ̀ hàn kedere, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, bí owó ṣímẹ́ǹtì tí ó gbà tí kò rà. Ẹ lè lọ láìmú lọ́yà dání. Ẹ má ṣe ní kí ọlọ́pàá tì í mọ́lé nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà á láàyè. Ìyá tí a mẹ́nu bà kò rí ìkankan lò nínú ìwọ̀nyí, nítorí "Ọ̀gá Bíríkìlà" nìkan ni orúkọ tó mọ̀ fún un.

Bí ògiri bá ń dún tàbí tó ń tẹ̀ sí i, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe 767 tàbí 112.

Bí ẹnì kan bá ti fún yín ní iye owó, ẹ mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì wa kí ẹ tó san ohunkóhun. A óò jọ kà á.