Ìpìlẹ̀ tí ó Yẹ Kọ̀ǹpútà Ìṣúra Alohùn: Bọ́ọ̀dù Server àbí ti Géèmù?

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Inú kọ̀ǹpútà kan ni ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa kó alámọ̀, oríkì àti àlọ́ tí a gbà sílẹ̀ ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn sí, pẹ̀lú àdàkọ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó ni ohùn wọ̀nyí kò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, a sì fẹ́ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ti server ni kí a rà. Àwọn mìíràn ní ti géèmù. N óò ṣàlàyé ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, n óò sì sọ èyí tí mo fara mọ́ àti ìdí rẹ̀.

1. Bọ́ọ̀dù Méjèèjì

Bọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ tí a to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lé lórí: processor tí ń ṣe ìṣirò, mẹ́mọ́rì tí ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ dání fún ìgbà díẹ̀, àti ojú ihò tí a ń so dísíìkì mọ́. Òun ni ó ń pinnu irú processor àti mẹ́mọ́rì tí a lè lò.

Eré sísá ni a torí rẹ̀ ṣe ti géèmù. Ó ń fàyè gba ẹni tí ó bá fẹ́ kí processor rẹ̀ sáré ju ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ fún un lọ. Ihò ohùn rẹ̀ dára. Iná aláràbarà sì sábà máa ń tàn lára rẹ̀. Nítorí pé àwọn tí ń rà á pọ̀, kò ṣòro láti rí ẹ̀yà tí ó bá a mu.

Ìfaradà ni a torí rẹ̀ ṣe ti server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń sin ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ̀sán-tòru. Mẹ́mọ́rì tí ó ń gbà pọ̀ gan-an. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí olùtọ́jú lè lò láti ọ̀nà jíjìn láti tan kọ̀ǹpútà náà àti láti yẹ̀ ẹ́ wò, bí iná bá ṣáà ti dé ibẹ̀. Àléébù tirẹ̀ náà wà: kì í tètè jí, ọ̀pọ̀ kò ní ihò ohùn rárá, àwọn mìíràn tóbi ju àpótí kọ̀ǹpútà lásán lọ.

2. Àṣìṣe tí Kì í Pariwo

Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ kò ju 0 àti 1 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní bíìtì. Nígbà mìíràn, ìtànṣán láti òfuurufú tàbí àbùkù ara mẹ́mọ́rì lè sọ 0 di 1. Ní ọdún 1950 ni Richard Hamming, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, tẹ ọgbọ́n kan jáde tí a lè fi tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Lórí irú ọgbọ́n yìí ni mẹ́mọ́rì tí à ń pè ní ECC dúró: bíìtì 8 ni ó ń ṣọ́ bíìtì 64. Bí ọ̀kan bá yí padà, a tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí méjì bá yí padà, ẹ̀rọ á ké gbàjarè. Ohun tí a ń bá lórí bọ́ọ̀dù server ni èyí. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù géèmù kò ní in.

Ẹ má ṣe rò pé mo kàn ń dẹ́rù bà yín ni. Ìwádìí tí a ṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà Google, tí ó jáde ní ọdún 2009, fi hàn pé nínú 100 ègé mẹ́mọ́rì, ó ju 8 lọ tí ó ní àṣìṣe láàrin ọdún kan. Nínú ìdìbò ọdún 2003 ní Schaerbeek, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ̀rọ fún olùdíje kan ní ìbò 4,096 tí ẹnikẹ́ni kò dì. Bí a bá sọ 1 di ìlọ́po méjì nígbà 12, iye yẹn gẹ́lẹ́ ni a óò bá. Àlàyé tí àwọn olùwádìí rí ni pé bíìtì kan ṣoṣo ni ó yí padà. Nítorí pé ìbò náà ju èyí tí ó ṣeé ṣe lọ ni a fi mọ̀. Ta ni yóò wá bá wa ka ìbò inú àlọ́?

3. Bíìtì Kan àti Ohùn Yorùbá

Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ èdè gbogbo, nọ́mbà 768 ni àmì ohùn ìsàlẹ̀, 769 ni ti ohùn òkè. Bíìtì kan péré ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà ‘ọkọ̀’. Bí bíìtì yẹn bá yí padà, ‘ọkọ́’ ni a óò bá nínú ìwé: ohun ìrìnnà ti di irin iṣẹ́ àgbẹ̀. Bákan náà ni b àti r, tí nọ́mbà wọn jẹ́ 98 àti 114: ‘ó bí ọmọ’ lè di ‘ó rí ọmọ’. Nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè máà ju ariwo kékeré kan lọ. Nínú àdàkọ, gbólóhùn náà yóò dá ṣáká, òǹkàwé yóò sì gbà á gbọ́. Bí a bá wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, irọ́ kan náà ni a pa mọ́ ní ibi mẹ́ta. Èmi kò sọ pé ojoojúmọ́ ni yóò máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

4. Àtakò àti Ìdáhùn

Àwọn tí ó fara mọ́ ti géèmù ní owó ni kókó. Òótọ́ ni. Bọ́ọ̀dù server tuntun wọ́n, ó sì ń jẹ iná, níbi tí a ti ń fi jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ran iná ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì wà. Èkínní ni tòkunbọ̀, irú èyí tí a ń rí rà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ọtígbà ní Ìkẹjà. Kí a ṣọ́ra níbẹ̀: mẹ́mọ́rì RDIMM tí ọ̀pọ̀ server ń lò kò lè ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù géèmù. Èkejì ni ọ̀nà àárín: bọ́ọ̀dù tí a gbé ka W680 ti Intel ń gba ECC, bí processor rẹ̀ bá bá a mu, àwọn bọ́ọ̀dù kan tí ń lo Ryzen ti AMD náà ń gbà á. Ìwé ìtọ́ni bọ́ọ̀dù ni kí a kà, kí a má ṣe gbọ́ ti ẹnu olùtajà nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé DDR5 ti ní ECC nínú, ẹ dá a lóhùn pé inú ègé mẹ́mọ́rì nìkan ni ìyẹn ń ṣọ́. Kò ṣọ́ ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ dé processor.

5. Ìkádìí

Èrò mi nìyí. Fún kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀dù géèmù tó, ó tilẹ̀ ju ó tó lọ. Èyí tí a kó àdàkọ sí ni kí a fi bọ́ọ̀dù server sí, tàbí, bí owó kò bá ká a, ti ọ̀nà àárín pẹ̀lú ECC. Bí kò bá ní ihò ohùn, ẹ̀rọ ohùn kékeré tí a ń fi USB so yóò ṣe é. ECC kì í jí dísíìkì tí ó ti kú, kì í sì í dá iná tí ó lọ padà. Nítorí náà ẹ̀dà àti bátìrì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ó pe alámọ̀ fún wa fi ohùn wọn lé wa lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn bá níbẹ̀.