Bí A Ṣe Ń Dí Àwo Epo Ẹ́ńjìnnì

Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni àwo irin kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní súǹpù. Inú rẹ̀ ni epo tí kì í jẹ́ kí irin ha irin ń gbé. Bí àwo yìí bá ń jò tí awakọ̀ kò fura, epo yóò gbẹ, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná kọjá ààlà, ọkọ̀ yóò sì di òkú sí ojú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti fún bóòtù àwo náà pinpin, jíjò tán. Bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Bóòtù kéékèèké ni wọ́n. Bí a bá fún wọn jù, etí àwo á tẹ̀ níbi ihò wọn, gásíkẹ́ẹ̀tì á fọ́, epo á sì gba àlàfo tí ó wà láàrin bóòtù méjì jáde.

Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, a sì nu ojú irin méjèèjì gbẹ. Bí etí àwo bá ti wọ́, a fi òòlù lù ú tẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, tí yóò sì fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtù wọlé kí ó tó mú sípánà. Láàrin ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí dé ìpẹ̀kun méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò yí wọn ká, díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi le dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà là sílẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe agbára apá ni ó ń dí àwo epo, bí kò ṣe ojú irin tí ó mọ́ àti bóòtù tí ó le dọ́gba.